Àpótí Tí Bàbá Mi Kò Fẹ́ Kó Ṣófo

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá sí mi lọ́kàn nípa bàbá mi, kì í ṣe ojú rẹ̀, kì í ṣe ohùn rẹ̀. Gàrí ni. Mo ti di ìyá àgbà, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní lẹ́tà ti ń kọ́ ọmọ tiwọn báyìí, síbẹ̀ bí mo bá gbọ́ tí agolo ń ha ìsàlẹ̀ àpótí, háráhárá, àyà mi á já. Ọdún kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ níbí, ọdún tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí a ń gbé ní Dówà, àdúgbò kan ní Àjàṣẹ́, nínú ilé onípáànù tí bàbá bàbá mi kọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún náà kò tíì yé yà mí lẹ́nu. Mo ti gbìyànjú láti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi bí ẹni ń pa àlọ́, ṣùgbọ́n ibi tí mo bá ti dé orí àwọn ọwọ́ idẹ mẹ́fà yẹn, ọ̀rọ̀ á pèsì jẹ.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá mi. Mènúsíyè, orúkọ iṣẹ́ náà lédè Faransé, ni gbogbo àdúgbò ń pè é, àti àwọn tó gbọ́ Faransé àti àwọn tí kò gbọ́ ọ. Ojú ọ̀nà ọjà Wàǹdó ni ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ ẹ̀yà Gùn, tí a ń pè ní Bàbá Dòsú. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà ni àwọn méjèèjì ti kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n bàbá mi tún ní tábìlì iṣẹ́ kan lẹ́yìn ilé, nítorí náà ìró tó ń jí wa láàárọ̀ kò ju mẹ́ta lọ: ìgbálẹ̀ màmá mi, àkùkọ àwọn ará ẹ̀yìnkùlé, àti irin ìfági bàbá mi, ṣààá, ṣààá, pẹ̀lú orin ìsìn tó ń kọ tí kò bá ohùn mu. Ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì ti rọra bẹ̀ ẹ́ rí pé kó máa gbọ́ tiwọn, kó má bá wọn kọ ọ́. Ó gbà. Ó ní Ọlọ́run máa gbọ́ tòun láti ẹ̀yìn ilé. Kò lu èmi àti Sámù àbúrò mi rí, kò sì jẹ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èyí tó máa ń sọ jù ni pé, “Pákó tí kò tíì gbẹ, a kì í kàn án, ọ̀rọ̀ tí kò tíì gbó, a kì í sọ ọ́.” Èmi rò pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lásán ni. Báwo ni ọmọ ọdún mẹ́wàá ṣe fẹ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà tí bàbá mi ń jẹ́ kó gbó nínú ilé wa gan-an?

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àpótí gàrí wa wà. Igi ìrókò ni, ó gùn, ó dán, ó ní ẹsẹ̀ kúkúrú mẹ́rin, ìdérí rẹ̀ sì wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí Sámù kò lè dá a ṣí. Orí rẹ̀ la máa ń jókòó sí jẹun, orí rẹ̀ la ti ń ṣe iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́, orí rẹ̀ ni màmá mi máa ń tẹ́ mi sí tí ibà bá mú mi. Màmá mi kò yé fi ṣe yẹ̀yẹ́. “Ta ló ń kan àpótí gàrí tó gùn tó ènìyàn? Ṣé ẹ fẹ́ bọ́ gbogbo Àjàṣẹ́ ni?” Bàbá mi á kàn fi ọwọ́ nu orí rẹ̀ bí ẹni ń nu orí ọmọ. Òfin kan ṣoṣo ló wà lórí àpótí náà: kò gbọdọ̀ ṣófo. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kó tó bọ́ bàtà, kó tó béèrè omi, á gbá ìdérí náà lẹ́ẹ̀mejì, á ní, “Róòsì, ìyá mi, ṣé gàrí ṣì wà níbẹ̀?” Èmi ni mo máa ń ṣí i wò. Ní àsìkò òjò kan tí gàrí ti wọ́n, ó gun kẹ̀kẹ́ nínú òjò lọ, ó sì ru agolo méjì péré dé, ara rẹ̀ rin gbindin. Ó dà á sínú àpótí ńlá náà, ó sì mí kanlẹ̀. Màmá mi ní, “Bàbá Róòsì, ta ló fi ebi pa yín ní kékeré?” Ó ní, “Kó má ṣáà ti ṣófo. Ká jẹ ẹ́, ká fi kún un.” A gbà pé bí tirẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Kò sí ọkọ tí kò ní ìwà kan tí ìyàwó rẹ̀ ń rojọ́ lé lórí.

Ìyàwó tirẹ̀ ní ohun tó fi ń yangàn ju ohun tó fi ń rojọ́ lọ. Ìgbà tí wọ́n bí mi ni bàbá mi kan àpótí aṣọ fún un, láti ara igi ìrókò kan náà, ó sì wà ní yàrá rẹ̀ títí di òní. Bí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì bá wá kí wa, bí wọ́n béèrè bí wọn kò béèrè, màmá mi á sọ ìtàn okùn fún wọn. Ó ní bàbá mi ní kí òun dúró gbọin sára ògiri, ó mú okùn, ó wọn òun láti àtàrí dé gìgísẹ̀. “Mo ní, àpótí lẹ fẹ́ kàn ni àbí ẹ fẹ́ dá búbà? Ó ní ohun tó bá jẹ́ tèmi gbọ́dọ̀ bá mi mu.” Àwọn obìnrin á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, “Ọkọ tó ń wọn ìyàwó ẹ̀ bí pákó!” Ojú màmá mi á máa dán. Mo ti gbọ́ ìtàn yẹn tó ìgbà ogún. Ní báyìí tí mo bá rántí ẹ̀rín wọn, ṣe ni orí mi ń wú.

Ọ̀sẹ̀ tí mo ń sọ yìí, ilé ẹ̀kọ́ ti gba ìsinmi. Ẹja yíyan ni màmá mi ń tà, Sẹ̀mẹ̀ létí òkun ló ti ń rà á, iṣẹ́ sì pọ̀ fún un lọ́sẹ̀ náà tó bẹ́ẹ̀ tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nílé lọ́sàn-án. Èmi àti Sámù wá fi gàrí ṣe ohun tó wù wá: gàrí àti ṣúgà, gàrí àti ẹ̀pà, gàrí lọ́wọ́ lásán. Ọjọ́ Ajé la ha èyí tó kù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń fi okùn na ilẹ̀ lójúde, wọ́n ń dúró dè mí kí n wá fò, bàbá mi sì wọlé, ó gbá ìdérí. “Róòsì, ìyá mi, ṣé gàrí ṣì wà níbẹ̀?” Mo mọ̀ pé bí mo bá ní ó ti tán, wọ́n á rán mi lọ rà á. Mo ní, “Ó wà, Bàbá.” Ó ní, “Ó pọ̀?” Mo ní, “Ó pọ̀.” Ní ọjọ́ kejì ó tún béèrè, mo tún dá a lóhùn bẹ́ẹ̀. Irọ́ àkọ́kọ́ ló máa ń wúwo lẹ́nu, ìkejì kò ní ìwúwo kankan. Bó ṣe rí nìyẹn tí àpótí ìrókò ńlá yẹn fi wà ní òfìfo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, tí èmi àti Sámù nìkan sì mọ̀, bí mo ṣe rò.

Ọjọ́ kẹta ni bàbá mi kú. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó má dún bí ohun tó ṣàdédé já lulẹ̀, nítorí bó ṣe já lulẹ̀ náà nìyẹn. Kò ṣàìsàn. Orí kò fọ́ ọ. Ó jẹ àkàsà mẹ́ta láàárọ̀, ó bú Sámù pé kò fọ etí, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí Wàǹdó. Oòrùn kò tíì kan àtàrí tí Bàbá Dòsú fi dé ẹnu ọ̀nà wa láìwọ bàtà, ó mú fìlà bàbá mi lọ́wọ́. Màmá mi ń to ẹja sínú agbọ̀n.

“Ìyàwó wa, ẹ jókòó.”

“Kí ni mo fẹ́ jókòó ṣe? Fìlà ta nìyẹn?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ná.”

“Mo ní fìlà ta nìyẹn, Bàbá Dòsú?”

Ó ní wọ́n jọ ń fá pákó ilẹ̀kùn kan ni. Bàbá mi ní, “Bàbá Dòsú, bá mi di ibí yìí mú,” ó jókòó sórí èéfá igi, ó fẹ̀yìn ti ògiri, kò sì tún sọ nǹkan mìíràn mọ́. Ilé ìwòsàn tí wọ́n sáré gbé e lọ ní kí wọ́n máa gbé e padà. Màmá mi wo ẹja ọwọ́ rẹ̀ títí, ó sì tò ó sínú agbọ̀n bó ṣe yẹ, ó tún to òmíràn tẹ̀ lé e. Ó tò tó mẹ́rin kó tó ké. N kò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì gbọ́ ọ mọ́ láti ìgbà náà.

Ọjọ́ kejì ikú rẹ̀ ni ìsìnkú. Tàntí Ẹstà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ló gba àkóso ilé. Ó ti ń rán èèyàn lọ ra pósí nígbà tí Bàbá Dòsú wọlé, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ dání, ó ní kí wọ́n má lọ mọ́, ọ̀rẹ́ òun ti ní tirẹ̀. Ó lọ tààrà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ṣí àpótí gàrí wa. Ó wo inú rẹ̀, ó sì dúró sójú kan. Ó rọra béèrè pé, “Ta ló jẹ́ kó ṣófo?” Ariwo ẹkún bo ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo gbọ́.

Tàntí Ẹstà ní, “Kí lẹ fẹ́ fi àpótí gàrí ṣe?”

“Tàntí, kì í ṣe àpótí gàrí.” Bàbá Dòsú dojú rẹ̀ délẹ̀, ó tú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó yọ pákó pẹlẹbẹ kan kúrò nísàlẹ̀, ó sì fa aṣọ kan tí wọ́n ti fi òróró pa jáde. Ó tú u sílẹ̀ lójú gbogbo wa. Ọwọ́ idẹ mẹ́fà ló wà níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé pósí, mẹ́ta fún apá kan, mẹ́ta fún apá kejì, wọ́n ń dán bí ìgbà tí wọ́n ra wọ́n. Ihò wọn sì ti wà lára igi náà látọjọ́ yìí, wọ́n fi ìda dí i. Mo rántí pé Sámù tì mí ní ìgbọ̀nwọ́, ó ní, “Ibẹ̀ la ti ń jẹun.”

Màmá mi dìde. Ó rìn lọ síbi tí àpótí náà dojú dé, ó sì jókòó lé e lórí. “Ẹ gbé ọwọ́ kúrò. Ọdún mẹ́jọ! Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń bu oúnjẹ ọmọ mi nínú pósí! Ẹni tí mò ń bá sùn, kò sọ fún mi! Ṣé ẹ wá fẹ́ kí n gbé òun náà sínú ẹ̀, kí n máa wò ó? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ẹ lọ ra òmíràn.”

“Èèwọ̀ ni,” ni Tàntí Ẹstà wí. “Mo bá a fọwọ́ sí i. Ẹ lọ ra òmíràn.”

Bàbá Dòsú jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú màmá mi, àgbàlagbà bíi tirẹ̀. Ó ní, “Ìyàwó wa, ó mú mi búra ni. Ó ní tí òun bá lọ, inú èyí tóun fọwọ́ ara òun kàn lòun fẹ́ wọ̀. Tàntí, ẹ̀yin lẹ mọ ìdí ẹ̀. Ẹ sọ bí wọ́n ṣe sin bàbá yín.”

Tàntí Ẹstà ká ọwọ́ lérí. Ó ní òjò ń rọ̀ lọ́sẹ̀ tí bàbá àwọn kú, òun náà gbẹ́nàgbẹ́nà, kò sì sí pákó gbígbẹ kan nílé. Wọ́n já pákó àpótí ọtí tó ti etíkun wá, ìyẹn ni wọ́n fi kàn án. “Kò gùn tó. Wọ́n ká orúnkún ẹ̀. Àbúrò mi ló di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú, ọmọ ọdún méjìlá. Ẹni tó kan ilẹ̀kùn fún gbogbo ìlú.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kò sì tún sọ ọ̀rọ̀ èèwọ̀ mọ́.

“Ọ̀gá wa kọ́ wa pé pósí tó bá wà nílé kò gbọdọ̀ ṣófo,” ni Bàbá Dòsú ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. “Òfìfo rẹ̀ a máa pe olówó ẹ̀. Ohun tí alààyè ń jẹ tàbí tó ń wọ̀ ni kéèyàn kó sí i, kó máa wò ó. Ìdí gàrí nìyẹn.” Ó wo ẹnu ọ̀nà yàrá màmá mi. “Ìyàwó wa, kì í sì í ṣe ọ̀kan ló kàn.”

Màmá mi kò kọ́kọ́ lóye. Mo rí ojú rẹ̀ nígbà tó yé e. Ó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀díẹ̀, ó fi kan àtàrí ara rẹ̀, ibi tí okùn ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dìde lórí àpótí, ó wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn. A gbọ́ tí aṣọ ń bọ́ sílẹ̀, a gbọ́ tí ó ń wọ́ nǹkan, a gbọ́ gbì. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀: “Yéè! Mẹ́fà!” Nígbà tó jáde, ó gbé aṣọ àrán ìgbéyàwó rẹ̀ dání, èyí tí kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn rí. Ó ní, “Ó wọn èmi náà,” kì í ṣe pé ó ń bá ẹnì kan sọ ọ́. Ó na aṣọ náà sí Bàbá Dòsú. “Ẹ tẹ́ ẹ sí i. Igi yẹn le.”

Bí wọ́n ṣe sin bàbá mi nìyẹn, ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ. Gbogbo ènìyàn ń sọ ọ́ lójú ọ̀nà pé irú ọkùnrin wo nìyí, pé ọkùnrin kan jókòó sórí ikú ara rẹ̀ ó ń mu gàrí. Èmi kò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà létí mi: òfìfo rẹ̀ a máa pe olówó ẹ̀. Mo ka ọjọ́ mẹ́ta lórí ìka mi, mo tún un kà. Mo mọ̀ pé èmi ni mo pa bàbá mi, nítorí kí n lè fo okùn. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo dàgbà pẹ̀lú rẹ̀, mo lọ́kọ pẹ̀lú rẹ̀, mo dúró níwájú kíláàsì pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ má sọ fún mi pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, pé kò yẹ kí n gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àyà tó ń já kì í béèrè ìwé ìrìbọmi.

Màmá mi ṣì wà láyé, nínú ilé kan náà ní Dówà, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Àpótí aṣọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Láti nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn ló ti ń pín aṣọ inú rẹ̀, ọ̀kan fún ọmọ Sámù, ọ̀kan fún aládùúgbò, ìró òfì fún ìyàwó pásítọ̀. Bó ṣe ń kó jáde lèmi ń kó wọlé. Kò sí ọjọ́ Ìsinmi tí n kò ra aṣọ kan lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbá ìdérí náà lẹ́ẹ̀mejì, bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe, ó ní, “Róòsì, kó gbogbo ẹ̀ jáde. Mo fẹ́ kó ṣófo.”

Mo pariwo mọ́ ọn. Èmi, ìyá àgbà, mo pariwo mọ́ ìyá mi, ẹkún sì gbà mí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: gàrí àti ṣúgà, okùn, irọ́ ọjọ́ Ajé àti irọ́ ọjọ́ kejì. Mo ní, “Èmi ni mo jẹ́ kó ṣófo, Màmá. Kò mọ̀.”

Ó dojú kọ ibi tí ohùn mi ti ń wá. Ẹnu yà á gan-an. “Ta ló sọ fún ọ pé kò mọ̀? Ó ṣí i láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kó tó jáde. Ó ní, ‘Ìyá Róòsì, ọmọ yìí ti parọ́ fún mi lọ́jọ́ méjì, eré okùn ló ń pa á. Má bá a wí o. Màá ra gàrí bọ̀.’ Ó ń rẹ́rìn-ín lọ ni. Àpò gàrí wà lórí kẹ̀kẹ́ ẹ̀ nígbà tí Bàbá Dòsú padà lọ tì í wá. Adìẹ ni mo dà á fún.”

Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Mo ní, “Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“O ò bi mí rí.” Ó wá fọwọ́ nu ìdérí àpótí. “Àárẹ̀ ti mú mi, ọmọ mi. Mo fẹ́ lọ bá a. Kó aṣọ yẹn jáde.”

Mo kó wọn jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí tí mo fi rí ìsàlẹ̀ igi náà. Mo wò ó títí. Mo lọ sí ilé ìdáná, mo bu gàrí agolo kan, mo padà wá, mo rọra dà á sí igun àpótí, mo sì fọwọ́ di ìdérí mú kó má baà dún.

“Róòsì, ìyá mi,” ni màmá mi wí láti orí bẹ́ẹ̀dì, “ṣé ó ti ṣófo?”

“Ó ti ṣófo, Màmá.”

Ó yíjú sí ògiri, mo sì rí i tí èjìká rẹ̀ ń mì. Ó ń rẹ́rìn-ín.